Ẹ̀ka Ìsàlẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gé

Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Dọ́gbadọ́gba ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, torí kò sí orí tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan máa ga ju ìkejì lọ. Wọ́n lè tẹjú mọ́ ẹ̀yìn etí èèyàn títí, oníbàárà á máa mí kanlẹ̀, wọn ò ní dá a lóhùn.

Nígbà tí ìyàwó wọn kú, igi òdòdó kan ló fi sílẹ̀ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, nínú abọ́ pẹrẹsẹ. Igi náà ò ga ju apá mi lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lógún ọdún. Gígé ni ìyàwó wa máa ń gé e tí kò fi ga, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ lápá òsì ló fọwọ́ tẹ̀ kẹ́yìn kó lè rí bó ṣe fẹ́, lọ́sẹ̀ tó wọ ilé ìwòsàn. Kò padà wálé.

Ìtọ́jú igi wá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni wọ́n mọ̀? Orí ni wọ́n mọ̀. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé e yíká, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Kí n má purọ́, ó dùn ún wò. Èmi náà ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti gẹ igi bí ọkọ ìyàwó." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè igi ń ta bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn ń rù. Ewé rẹ̀ ku mẹ́jọ, ó ku márùn-ún. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Àbúrò, bí ẹ̀ka yìí bá kú, ohun tí ọwọ́ ìyàwó mi ṣe kẹ́yìn náà ló lọ yẹn." Mo ní kí wọ́n gbé e, ká lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èmi ló sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta òdòdó. Wọ́n gbé igi náà mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Obìnrin náà yí i wò. "Ta ló gé eléyìí?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, bàbá?"

"Mo máa ń gẹrun ni."

"Ó hàn! Ẹ gbọ́, igi kì í ṣe orí o. Èyí tó lágbára lókè yìí ló ń gba oúnjẹ mọ́ ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ gé tòkè dáadáa. Èyí tó rù, ẹ fi í sílẹ̀, kó gùn, kó rí wúruwùru. Ẹ kọ ọ́ sójú oòrùn. Bó bá sì mú òdòdó wá, ẹ já a dànù, kò tíì lágbára ẹ̀."

Ìyà dé nìyẹn. Ẹ̀ka náà gùn jáde bí irùngbọ̀n òbúkọ. Àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

"Dọ́gbadọ́gba, àbí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má gẹ tèmi báyẹn!"

Wọ́n á mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n á tún gbé e sílẹ̀.

Àsìkò òdòdó dé, ẹ̀ka tí kò tanná látìgbà tí ìyàwó wa ti lọ yọ òdòdó mẹ́ta, pupa, wọn ò tíì là. Mo pariwo. "Bọ̀dá mi, ẹ wá wò ó! Ẹ dákun, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹyọ kan péré!"

 Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.  Mo bínú jáde, mo ní ọkàn wọn ti yigbì.

Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi yà síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo máa dé, oníbàárà kan wà lórí àga, wọ́n ti gẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán, wọn ò tíì dé ìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí fèrèsé. Òkè igi ti fẹ́ẹ̀ pá, àmọ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ti nípọn tó ọmọ-ìka mi, ewé bò ó débi tí mi ò lè kà á.

"Àbúrò," ni wọ́n wí, "ó yè."

Wọ́n wá bú sẹ́kún. Oníbàárà yẹn rọra tú aṣọ ọrùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé orí ààbọ̀ rẹ̀ jáde, ó lọ dúró síta dè wọ́n.