Ọjọ́ tí Yèyé Fi Ọkọ̀ Dínà Ọba

Mo ti tọ̀ sára kí ọkọ̀ ọba tó yọ níbi tí odò ti yí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́. Mo jókòó sí ìdí ọkọ̀ Yèyé, mo rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni pé òun ló máa gbà mí. A ti fi ọkọ̀ ọ̀hún dábùú ibi tí odò ti há jù, imú rẹ̀ lára igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi ní òdìkejì, ìdí rẹ̀ lẹ́bàá ilé Yèyé. Ìró ẹ́ńjìnnì ń bọ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Omi abẹ́ wa ti ń gbọ̀n.

Yèyé gbóòórùn ohun tí mo ṣe. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Bu omi sí i," ló wí. "Nínú gbogbo omi yìí, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ?"

A ò bá a tan, aládùúgbò wa ni. Afárá pákó kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Ẹní ló ń hun. Láti ìdájí ni mo ti máa ń gbọ́ ọ: ṣáá, ṣáá, bó ṣe ń fi ọ̀bẹ la koríko odò, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́kẹ́, bó ṣe ń fi igi gbá a pọ̀. Òórùn koríko tútù yẹn àti èéfín ẹja tó ń yan ò tí ì kúrò nímú mi. Bí màmá mi bá lé mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń sá lọ. Yóò ju ìrù ẹja sí mi lọ́wọ́, yóò ní kí n máa to koríko, gígùn sí gígùn, kúkurú sí kúkurú.

Ilé kẹta rẹ̀ nìyẹn. Òkun ló jẹ méjì àkọ́kọ́ ní ìhà Araromi, tòun ti ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ló bá sá wọ inú odò wá sọ́dọ̀ wa, ó ní bóyá òkun ò ní rí òun níbí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òpó igi tó gbé ilé rẹ̀ dúró lórí omi, méjì tó wà lábẹ́ ibi ìdáná ti rọ̀. Bí àwọn ọkọ̀ fúláìn, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì tí imú wọn máa ń gbé sókè, bá ń sáré lọ sí Ugbonla, ìgbì wọn á máa mi ilé náà. Yèyé á yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ rọra o! Orí igi ni mo wà!" Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dín eré kù, wọ́n á bá a ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á kọjá.

Àfìgbà tí ìránṣẹ́ ààfin dé pé ọba ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò ní sọ ọba tí mò ń wí. Mo ṣì nílò orí mi. Èkó ló ń gbé. A kun afárá lọ́dà, afárá tí pákó rẹ̀ ti jẹrà. Jíjẹrà náà la kùn. Wọ́n ní kí Yèyé hun ẹní tí ọba máa tẹ̀, ó sì hun ún.

"Ọkọ̀ mélòó ló ń bọ̀?" ó bi ìránṣẹ́ náà.

"Méje, Yèyé. Fúláìn ni gbogbo ẹ̀."

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn kí wọ́n rọra níwájú ilé mi?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa sọ fún ọba pé kó rọra?"

"Kò burú. Èmi á sọ fún un."

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò. Yèyé ní òun ò bá ọba jà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, ìdílé méjì fẹ́ para wọn nítorí ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí. Ọba ìgbà náà fi àjẹ̀ wakọ̀ wá, ó jókòó sínú ọkọ̀ láàárín wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń jẹ gààrí gbígbẹ, títí ojú fi tì wọ́n. "Irú ọba yẹn, mo lè pọ̀n ọ́n sẹ́yìn," ló wí. "Èyí, mi ò tí ì rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Jẹ́ kó kọjá níwájú ilé mi ná."

Wọ́n ti sọ fún àwa ọmọdé pé ẹni tó bá wo ojú ọba, ojú rẹ̀ á fọ́. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Yèyé ń jò, ó sì ní kí n wá bá òun gbọ́n omi inú rẹ̀. Kò sọ fún mi pé ojú ọ̀nà ọba la ti máa gbọ́n ọn.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yọ, ó rí wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun igi ẹ̀gbà. Igbe ta. "Ìyá, ṣé orí yín dàrú ni? Ẹ kúrò lọ́nà Kábíyèsí!" Mo dojú bolẹ̀, mo di ojú méjèèjì, mo tún fi ọwọ́ bò wọ́n. Ọkọ̀ mì; Yèyé ti kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ dákun, ẹ rọra. Orí igi ni mo wà, igi náà ò sì lágbára mọ́."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín ọkùnrin tó jẹun kánú.

"Ìyá mi, ṣé ilé yín nìyí?"

"Òun ni, Kábíyèsí."

"Ẹ pa gbogbo ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọ̀pá tì wá kọjá."

A yà fún wọn. Ọkọ̀ méje kọjá jẹ́ẹ́, ìgbì kan ò gbá òpó. Àwọn oníkámẹ́rà ń pariwo kí Yèyé wo ọ̀hún, kó wo ìhín, kó tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Abúlé hó yèè. Bàbá mi, ẹni tó ní kó má dán an wò, ló ń pariwo jù: "Ẹ wá wo ọba!" Mo la ojú kan. Ẹ̀yìn ọba ni mo rí, àti agboòrùn pupa.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà. Àwọn oníkámẹ́rà ti bá ọkọ̀ mìíràn lọ láti ọ̀sán. Nígbà tí Yèyé gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó wé gèlè, ó jáde, ó kúnlẹ̀ sórí pákó iwájú ilé láti dúpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú mi là sílẹ̀ gbagada. Mo ti di akọni. Eré ni wọ́n bá yọ.

"Ẹ rọra o! Orí igi ni…"

Ọba wò wá. Mo rí i. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè kí wa, eré ò sì dín. Ìgbì ọkọ̀ kìíní mi ilé, ti èkejì gbé e, ìgbà tí ti ìkẹta dé, ibi ìdáná ya lọ, tòun ti ẹja orí iná, tòun ti koríko tí mo tò. Àwọn ọkùnrin fi okùn so ìyókù ilé mọ́ igi.

Gbogbo àgbà ló ní ariwo ẹ́ńjìnnì ni, Kábíyèsí ò gbọ́. Yèyé ń fún omi kúrò lára ìró rẹ̀. "Ó gbọ́ mi láàárọ̀," ló wí. "Ohun tí mo sọ láàárọ̀ ṣì wà létí ẹ̀."

Nígbà tí ọdún yí, kàlẹ́ńdà dé láti ààfin: Kábíyèsí na ọwọ́ sí Yèyé tó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ilé rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan, a sì gbé e kọ́. Ilé tó wà nínú àwòrán nìkan ni kò sí mọ́; okùn ò lè dá ìyókù rẹ̀ dúró. Yèyé ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Etikan, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Àkúrẹ́ bi mí: "Bàbá kékeré, gbogbo ọkọ̀ yìí, gbogbo ariwo yìí, kí ni ọba ń ṣe fún wa gan-an?" Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kó lọ bi olùkọ́ rẹ̀. Mo máa ń rántí ọba tó jẹ gààrí gbígbẹ, bó bá wà lóòótọ́, nítorí Yèyé nìkan ló sọ fún mi pé òun rí i. Ó wù mí kó wà.

Ọjọ́ tó bi mí yẹn gan-an ni ọba tún wá sí etí omi wa. Gbogbo ayé gbé fóònù sókè bó ṣe ń bọ̀. Èmi fara pamọ́ sẹ́yìn èrò, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Nígbà tí ayẹyẹ tán, tí kálukú ń lọ sílé, ọmọ náà fà mí lápá pé kí la tún ń dúró dè. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ẹ́ńjìnnì bú. Mi ò wo ọba. Òpó ilé tó sún mọ́ ọ̀nà ọkọ̀ jù ni mo tẹjú mọ́, kí n rí i bóyá ìgbì á mì í.