Báńdéèjì Tí Bàbá Ìbejì Tún Dì

Iṣẹ́ gíláàsì fèrèsé ni Bàbá Ìbejì ń ṣe, kò sì gbà pé ohun kan lè dúró láyé yìí bí wọn kò bá dè é le. Okùn tó fi ń di gíláàsì kó tó gbé e lọ fún oníbàárà tó í so màlúù mọ́lẹ̀. Gíláàsì fẹ́ràn irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Apá èèyàn kò fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ tí gíláàsì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó gé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá lókè ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀, okùn yẹn náà ló fi so apá. Títí dé ibẹ̀, orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí dígí tí oníbàárà ń dúró dè. Ọwọ́ kan ló fi parí rẹ̀. Dígí náà dùn ún wò. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ ọ̀tún ti funfun bí ẹfun.

Dókítà rán òpó ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, Ìyá Ìbejì, ìyàwó ọkùnrin náà, ni dókítà bá sọ̀rọ̀, nítorí ó ti mọ ẹni tó ń gbọ́ràn nínú àwọn méjèèjì.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ti padà dé ọwọ́, àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ọkọ yín pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n tún ń mu sìgá, sìgá sì máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó í dí ohun tí mo rán. Bí ọwọ́ bá tutù, tí àwọ̀ ìka yí padà, ẹ sáré gbé wọn wá. Bí ẹ bá pẹ́, gígé ló kù."

Ìyá Ìbejì mi orí. Bàbá Ìbejì náà mi tiẹ̀. Orí mímì kò ṣòro fún un rí.

Wọ́n délé, kò pẹ́ tí òórùn kan fi gba ẹ̀yìn ilé.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ mú dání yẹn?"

"Sìgá ni."

"Ṣebí ẹ ti jáwọ́ ńbẹ̀?"

"Ọwọ́ òsì ni mo fi ń mu ún. Ọ̀tún ni wọ́n rán."

Ìyàwó gba sìgá náà, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ìgbà yẹn ló rí báńdéèjì. Wọ́n ti fà á le dan-in, wọ́n sì ta á ní kókó tí wọ́n ń ta sórí gíláàsì.

"Ta ló tún èyí dì?"

"Èmi ni. Ti nọ́ọ̀sì yẹn ń mì. Èmi ni wọn ò lè kọ́ ní nǹkan dídì."

"Apá lẹ dì, kì í ṣe fèrèsé. Ẹ gbọ́wọ́ wá."

Ọwọ́ náà tutù bí omi àmù. Ìka kékeré ti rí bí eérú.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò tiẹ̀ dùn mí mọ́. O ò rí i pé ó ti ń san?"

Ìyàwó fi sísọ́ọ̀sì gé báńdéèjì náà, ó sì tì í wọ takisí, tòun ti àríyànjiyàn ọkọ lórí kókó tó dáa tí wọ́n bà jẹ́.

Dókítà tún apá ṣí, ó yọ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú òpó. Ọwọ́ dúró. Ìka kékeré lọ. Nígbà tí Bàbá Ìbejì jí, ó yẹ ọwọ́ wò.

"Ìka yẹn ò kúkú fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ìyá Ìbejì fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ tún fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ dákẹ́ ná," ìyàwó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ń lù níbí. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."