Ìbọn Tí Ìyàwó Mi Fọ̀

Ọdún kejì lẹ́yìn ikú ìyá àwọn ọmọ mi ni mo tó gbé ìbọn náà lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa irú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní The Woodlands, ẹ̀yìn ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ló ní kí n fi ilé wa ní Fondren Southwest, nínú Houston, sílẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Bí a ṣe ń di ẹrù, a dé orí ìbọn, ó sì bi mí pé kí la fẹ́ fi èyí ṣe.

Ọ̀gá mi àtijọ́ ló fún mi. Òyìnbó ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ẹnjiníà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé ìbọn gígùn kan fún mi, irú èyí tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò láyé àtijọ́. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i, bíi ṣakabùlà ilé wa. Ó kìlọ̀ fún mi pé a kì í fọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, pé àwọ̀ pupa rúsúrúsú ara irin rẹ̀ ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Mo gbé e sí gáréèjì. Mi ò sọ ìkìlọ̀ náà fún ìyàwó mi.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo kúrò ní Amẹ́ríkà lọ sin wọ́n nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Ọjọ́ tí mo padà dé Houston, mo bá ìbọn lórí tábìlì ìjẹun, ó ń dán gbinrin. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, kò lè rí ìdọ̀tí kó fara mọ́ ọn. Ó ti fi kànrìnkàn onírin ha gbogbo ara irin náà, ó sì ti fi òróró pa á.

Ó ní, "Mo ní kí ẹ bá ohun kan tó dára nílé, torí ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀."

Mo bú u. Mo ní ó ti fi ọ̀sán kan ṣoṣo ba ohun tí ọ̀pọ̀ ìran tọ́jú jẹ́, mo ní kò sí làákàyè lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mi ò dá a lóhùn. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láì bá a sọ ju gbólóhùn kan lọ. Nígbà tó yá, inú mi rọ̀, ṣùgbọ́n a ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ tèmi láì kọ́kọ́ béèrè, títí kan bàtà mi. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú lẹ́nu iṣẹ́. Kò lò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi kú.

Ẹni tí a gbé ìbọn lọ bá jẹ́ bàbá òyìnbó arúgbó kan, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ló wà mí lọ. Bàbá náà ò yára sọ̀rọ̀. Ó fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wo ibi tí iná ti ń ṣá. Ó ní òkúta ló ń ṣáná níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ihò àtijọ́ tí wọ́n dí ṣì hàn. Ó ní igi ìdí ìbọn jẹ́ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n apá iwájú, nítòsí ẹnu, igi mìíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló yọ irin gígùn náà kúrò lára igi, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì tẹjú mọ́ abẹ́ rẹ̀ títí.

Mo sọ fún un pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, pé ìyàwó mi ló fọ̀ ọ́, òun ló bà á jẹ́.

Ó gbójú sókè. "Rárá o. Kì í ṣe òun."

Ó pè mí súnmọ́ ọn. Abẹ́ irin náà, níbi tí igi bò, tí kànrìnkàn ìyàwó mi kò lè dé láéláé, funfun bíi ti òkè tó fọ̀. Ó ní ẹnì kan ti fi ásíìdì wẹ̀ ẹ́, ó sì ti fi fáìlì tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń ha irin ha á, bóyá kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọ̀ pupa tí ọ̀gá mi fi hàn mí, kì í ṣe àwọ̀ ọjọ́ orí. Irin náà ló ti dípẹtà, ọ̀rinrin Houston nínú gáréèjì mi ló sì dá kún un. Ó fi àwọn ihò wínníwínní hàn mí tí ìpẹtà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, tí wọn ò sì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Ó ní, "Ẹni tó fọ̀ ọ́ ló gbà á là. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

 Ọmọ mi ló sọ fún un pé ìyá òun ti kú.

Lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ tí a gbà padà sílé, ni mo ti sọ ohun tí mo ṣe fún ìyá rẹ̀ fún ọmọ mi. Kò gbọ́ ọ rí. Ìyá wọn ò sọ ọ́ fún ìkankan nínú wọn. 

"Daddy," ó ní, "ṣé ẹ bẹ Mummy?"

Mo ní rárá.

Kò tù mí nínú, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nígbà tí a délé, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí, àwa méjèèjì ò sì jẹ ẹ́.

Ara ògiri pálọ̀ ọmọ mi ni ìbọn náà wà báyìí. Àwọn àlejò máa ń bi mí bóyá ojúlówó ni. Mo máa ń fi ibi tí wọ́n pààrọ̀ àti ibi tí wọ́n lẹ̀ hàn wọ́n, mo sì máa ń sọ pé ìyàwó mi ló fọ̀ ọ́. Mi ò tíì lè sọ ìyókù.