Ọkọ́ tí Ìyá Àgbà Ní Kí Wọ́n Mú Wá: Ìrìn Àjò Èmi àti Ọmọ Mi sí Ògbómọ̀ṣọ́

"Ìyá Mosún, ẹ yẹ inú àpò ọmọ yín wò o. Mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé òun fẹ́ ṣe ààpíjì. Èmi mọ ààpíjì. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Bó bá ba mọ́tò, mọ́tò ò sí mọ́ nìyẹn."

Bàbá Ṣọ́jà ló kì mí nílọ̀ báyìí. Ara ilé kejì wa ni wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ti wá bá mi, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

Mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, Mosúnmọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ń dúró de yunifásítì. Mo pè é jáde. Ó wò mí, ó wo Bàbá Ṣọ́jà, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ààpíjì ti òun kì í ṣe ìbọn. Géèmù ni, irú èyí tí ẹni tó ń gbá a máa ń di ẹlòmíràn nínú ìtàn. Wọn á rán an níṣẹ́, á máa rìn kiri ìlú, á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, bó bá sì ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n á ṣe dá a lóhùn. Orúkọ ni òun àti ìbọn yẹn jọ ń jẹ́, RPG.

Bàbá Ṣọ́jà mi orí. "Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn."

Mò ń kọ ìròyìn yìí fún àwọn òbí ẹgbẹ́ mi, torí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kan ilẹ̀kùn tiyín náà lọ́la.

Ìṣòro Mosún ni pé kò mọ sọ́fítíwíà tí òun máa lò. Sọ́fítíwíà ni ètò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe jẹ́ fún èmi. Ó pọ̀ lóríṣiríṣi, kálukú ló sì ń yin tirẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Sìdíkátù, olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, géèmù ló máa ń ṣe láti fi gbádùn ara rẹ̀. Orí fóònù ni òun àti Mosún ti mọra. Ó ní kí Mosún gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n jọ dán mẹ́ta wò.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n a jọ ń lọ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi tí n kò sọ síta ni pé kí wọ́n yan èyí tó rọrùn jù, kí ọmọ mi lè jókòó sílé níwájú mi máa ṣe é, kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀yọ́ mọ ọ̀nà tí mò ń wí.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi jáde. Wọ́n ń pe ìrun lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa. Mo ti gbàdúrà sí omi bí a ti máa ń ṣe ní ìjọ wa, mo fi pa Mosún lórí, mo sì ń wọ́n ìyókù sára àpò rẹ̀ nígbà tó pariwo pé, "Màmá! Kọ̀ǹpútà ò fẹ́ omi o!" A gba ẹ̀bá Ọjà Akẹ̀sán kọjá. Òkùnkùn ṣì wà lára àwọn ìsọ̀, iná kan péré ló ń jó, ti ìyá alákàrà. A ra díẹ̀ fún ọ̀nà.

Ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mosún nawọ́ sí ilẹ̀kùn iwájú, mo fà á padà.

"Màmá, iwájú ni èèyàn ti ń rí ọ̀nà."

"Iwájú náà ni ọ̀nà ti ń rí èèyàn. Bọ́ sẹ́yìn."

Mo wá yí mọ́tò náà po, mo ń fi ọwọ́ kan táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ náà ń wò mí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó fi tẹ̀súbàá kọ́ sára dígí iwájú.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Táyà yín ni mò ń wò."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ṣe àdúà."

"Àdúrà wà níbẹ̀, mo gbà. Táyà ńkọ́?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ba wo táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì kí ó tó ṣíná.

Ọ̀nà náà dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kòtò bẹ̀rẹ̀, ó wá kan ibi tí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ jọ ń pín ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí tírélà ń kọjú sí wa pẹ̀lú iná rẹ̀ méjèèjì. Mo di ọwọ́ Mosún mú. Kò fà á kúrò. Ní Odò Ọbà, àwọn òǹtajà sáré gbé ẹran ìgbẹ́ wá sí ojú fèrèsé wa, mo ní a dúpẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tán, mo rí i pé igi kajú àti máńgòrò ti ń pọ̀ sí i lẹ́bàá ọ̀nà. Mosún ní, "Màmá, a ti ń dé."

A sọ̀ ní Takie, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ̀kẹ́ márúwá sì gbé wa dé ilé bàbá Sìdíkátù. Àáfáà ni bàbá náà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn. "Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ẹ kú ìrìn! Sìdí, oúnjẹ dà?" Ọkà gbígbóná ni wọ́n gbé síwájú wa láàárọ̀ kùtù. Nílé wa, ẹ̀kọ ni a fi ń ṣínu. Mo ti máa ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, ẹnu mi wá jẹ́rìí sí i, n kò sì lè jẹ ẹ́ tán.

Bí a ti jẹun tán, Sìdíkátù tan kọ̀ǹpútà. Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn inú géèmù Mosún. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ìyá rẹ̀ àgbà rán an níṣẹ́ kiri àdúgbò àtijọ́ kan bí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Bí kò bá kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó máa júwe ọ̀nà fún un. Sìdíkátù ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló yẹ kó gbá a wò, ló bá pe bàbá rẹ̀.

Sọ́fítíwíà kìn-ín-ní dà bí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Ilé wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, èèyàn wà níbẹ̀, wíwọ̀ ló kù. Inú mi dùn. Ìyá àgbà yọ jáde lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tí Mosún kọ fún un sì jáde nísàlẹ̀, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, torí sọ́fítíwíà náà kì í gba àmì: *Lo ba mi mu oko wa.*

Àáfáà tẹ́ ojú mọ́ ọn. "Oko? Báwo ni wọ́n ṣe ń mú oko wá?" Wọ́n tún un wò. "Àbí ọkọ ni ìyá yìí ń wá? Pẹ̀lú ewú orí!"

Sìdíkátù ti ń di ẹ̀gbẹ́ mú. "Bàbá, ẹ rántí pé ẹ̀yin ni ọmọbìnrin kékeré náà o."

"Ọmọ kékeré ni mí, ìyá mi àgbà wá ní kí n lọ wá ọkọ fún òun? Èmi ò jẹ́ iṣẹ́ yẹn."

"Ọkọ́ ni, Àáfáà," Mosún ní. "Èyí tí wọ́n fi ń roko."

Èkejì dà bí aṣọ tí a ti gé tó ku rírán. Ó gba àmì ìsàlẹ̀, ó gba àmì orí. Mo ti fẹ́ ní kí a máa mú un lọ, àfi bí mo ṣe rí i pé lẹ́tà tó bá ru àmì lórí, tó sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ òmíràn nísàlẹ̀, àpótí òfìfo ló ń fi sí àyè rẹ̀. Ọkọ́ wá di *ọk* àti àpótí.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ pé ọkọ́ ni."

"Ṣé Àáfáà mọ̀?"

"Èmi ò mọ̀ o," Àáfáà ní. "Àpótí ni mo rò pé ó ní kí n gbé wá. Lọ́dọ̀ tiwa náà, bí ọmọ kéwú bá fo àmì kan, ìtumọ̀ ti yí pa dà nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ la máa ń dá a padà sí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ Yorùbá kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò lámì lọ́wọ́ wa. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe oko. Mo ní kí wọ́n ṣí ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pá aṣọ lásán ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá gé e, ìwọ ni wàá rán an, kódà ìwọ ni wàá mú ẹ̀yà lẹ́tà tí o fẹ́ wá fún un. Sìdíkátù mú ẹ̀yà kan láti inú tirẹ̀, ó fi sí i, Mosún sì kó ìtàn rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde pé pérépéré: *Lọ bá mi mú ọkọ́ wá.*

"Ọkọ́!" Àáfáà pàtẹ́wọ́. "Ó tán. Mò ń lọ."

Mo béèrè ìkúnlẹ̀. Sìdíkátù ní, "Mọ̀mí, nínú èkìn-ín-ní, idà yíyọ wà, eré sísá wà. Ìkúnlẹ̀ ò sí. Nínú ẹ̀kẹta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, torí náà kò sí ohun tí Mosún ò lè fi sí i."

Nígbà náà ni ìyá àgbà inú géèmù tún sọ̀rọ̀ bí ọmọ náà ṣe ń yà lọ: *Bí o bá lọ, kí o bọ̀ o. Ojú mi ń bẹ lọ́nà.*

Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi ni. Òun ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ ní Ìbàdàn, òun náà ni wọ́n máa ń sọ fún Mosún láràárọ̀ tó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, títí wọ́n fi dolóògbé. N kò mọ̀ pé ọmọ yìí fi pamọ́. Mo ní èéfín ló kó sí mi lójú. Kò sì sí èéfín.

Sìdíkátù wá sọ ibi tó le. Ẹ̀kẹta kò ṣeé kọ́ lórí fóònù. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, iná ń lọ, ó sì sú ọmọ náà. Mosún gbọ́dọ̀ máa wá lọ́jọ́ Sátidé títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Gbogbo wọn wò mí. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi wò ó: ẹnu ara mi ni mo fi lé èyí tó rọrùn méjèèjì lọ. N kò lè fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, á jẹ́ pé òun nìkan ni á máa lọ. Mo ní, "A máa délé ná."

Nígbà tí a padà dé Takie, ta ló ń kígbe, "Ọ̀yọ́! Ọ̀yọ́! Ó ku méjì!" bí kò ṣe awakọ̀ àárọ̀. "Màmá Táyà! Mo ti wò ó sílẹ̀ dè yín."

A wọlé. A kọjá Odò Ọbà. Mosún wá rọra ní, "Màmá, mo lè lo èkejì. Àpótí yẹn ò burú. Mi ò ní máa wá."

Mo wo ọ̀nà. Tírélà kan ń bọ̀, ó kọjá. Mo ní, "Ìyá mi kò sọ àpótí rí." N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e tí mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé, "Ṣé ẹ máa ń ná ọ̀nà yìí ní gbogbo Sátidé?"

"Gbogbo Sátidé, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Ẹ̀yìn ni ọmọ yìí máa jókòó. Kì í ṣe iwájú."

"Màmá, ẹ̀yìn ni." Ó wo Mosún nínú dígí. "Ìwọ ni kí o wá máa bá mi wo táyà."

Mosún gbé orí lé èjìká mi.

Bàbá Ṣọ́jà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a délé. "Ṣé ẹ ti rà á?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá. Ìyá àgbà kan ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ́ ló ń wá."

"Ọkọ́?" Wọ́n tún mi orí. "Ọkọ́ náà le o, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò."

Mo rò pé mo tẹ̀ lé ọmọ lọ kí n lè ṣọ́ ọ ni. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé bí mo ṣe ń tún àmì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ni mo ń ṣí ọ̀nà fún un. Ìyá mi náà kò lè tẹ̀ lé mi dé Ìbàdàn. Ojú wọn ni wọ́n fi sọ́nà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú, tó gbé àpò dúdú mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún fún un lẹ́yìn. Ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ yín.