Tìróò Ọjọ́ Iléyá àti Lẹ́ńsì Ojú Ọmọ Mi

Òórùn àǹkárá tuntun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, òórùn sítáàṣì àti aró tó máa ń gba gbogbo ìsọ̀ wa ní ọjà Treichville, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹrù. Àárín òórùn yẹn ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 2007 tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá, ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti kán sí méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọdún kan! Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní hand níbẹ̀, ló ń fọ́ wọn. Olùkọ́ wọn ti wá ní òun ò fẹ́ rí awò ojú lórí pápá mọ́, ọmọ mi sì rèé, tí kò bá ti wọ awò, kò lè dá mi mọ̀ láti ìsọ̀ kejì. Ẹkún tó ń sun kì í ṣe ti awò o. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọn ò ní mú un mọ́ àwọn tó máa lọ ju bọ́ọ̀lù níbi ìdíje ní Yopougon.

"Maman, lentilles ni mo fẹ́," ló wí. Ìwọ náà mọ lẹ́ńsì, dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi lé orí ẹyinjú gan-an. Àwọn oge tó fẹ́ kí ojú wọn dà bíi ti òyìnbó nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn nígbà yẹn. Kí n wá fi irú ẹ̀ sójú ọmọ tó máa ń gbàgbé báàgì ìwé ẹ̀ sínú gbaka, bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀? Mo ní láéláé. Ó bẹ̀ mí títí, ó ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó fọ̀, títí mo fi mú un lọ bá obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ojú ní àdúgbò Plateau. Kí n má parọ́, ìdí tí mo fi lọ ni pé kí obìnrin náà lè bá mi sọ pé rárá.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí sílẹ̀. "Ṣé ó máa ń fọwọ́ láìjẹ́ pé ẹ rán an létí? Tí nǹkan bá ń dùn ún, ṣé ó máa ń sọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ìbéèrè kejì, mo fò ó. Ó fún wa ní lẹ́ńsì tí a ó fi dánra wò fún ọ̀sẹ̀ kan: kò gbọdọ̀ fi sùn, omi ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kàn án, tí ojú bá sì pọ́n, kó yọ ọ́ kíá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, èmi ìyá rẹ̀ ni màá sọ bóyá ó ti tó ẹni tó lè máa lo lẹ́ńsì. Ó lé ní ìdajì wákàtí kí ọmọ náà tó fi méjèèjì sójú, omi ojú ń dà pòròpòrò. Ló bá wo ojú fèrèsé, ó rí ọkọ̀ ojú omi lọ́ọ̀ọ́kán, ó figbe ta: "Maman, bateau! Mo rí àwọn èèyàn inú ẹ̀!" Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bọ dókítà lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ojú òsì rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo ní kí ló ṣe é. "Y a pas drap, maman," ó ní kò sí nǹkan, ó ń gbójú sá fún mi. Ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́ pé òun gbàgbé láti di ojú nígbà tí òun ń ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́, omi wọlé, ó sì ti ń ta òun látìgbà náà. Mo pariwo mọ́ ọn. Àárín ariwo yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara mi. Ta ló kọ́ ọ pé kó máa ní kò sí nǹkan? Èmi ni. Bó bá ṣubú, màá ní kó dìde, kò tíì ṣe é ní nǹkan. Bí inú bá ń run ún, màá ní kó mú un mọ́ra. Mo wá jókòó tì í, mo ní tó bá ti di ọ̀rọ̀ ojú yìí, kó sọ, kódà tí èmi bá ń bínú. Ó sinmi lẹ́ńsì títí ojú náà fi mọ́, mo sì jẹ́ kó máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti pinnu pé rárá ni màá sọ.

Iléyá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ náà. Ìyá ọkọ mi ti wá bá wa ṣọdún láti Ògbómọ̀ṣọ́. A ti wọṣọ tán, ó ku kí n lé tìróò fún ọmọ mi, bí ìyá mi ti máa ń ṣe fún mi ní gbogbo ọdún. Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo gbé igi tìróò sún mọ́ ojú rẹ̀, ló bá fa orí sẹ́yìn. Mo ní kó dúró jẹ́ẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Irú ọmọ wo nìyí," ni ìyá ọkọ mi pariwo, "tó ń di ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ mú?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ gbì tòun ti aṣọ ọdún. Síbẹ̀, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Maman, pardon, ẹ má bínú. Lentilles wà lójú mi. Tí tìróò bá wọ ibẹ̀, ó máa pa mí lára. Ẹ jẹ́ n lọ yọ wọ́n ná."

Mo wo igi tìróò lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ń dán ọmọ wò, èmi ni mo gbàgbé! Ó yẹ kí ojú tì mí, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló gbé mi. Mo fà á dìde, mo ń pariwo pé, "Ó ti tó! Ó ti tó!" Ìyá ọkọ mi rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní, "Màmá, òótọ́ ló sọ. Ẹ bá mi kí i." Kò yé wọn rárá, síbẹ̀ wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un.

Nígbà tí mo fi Faransé ọjà mi ṣàlàyé fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ̀wé lẹ́ńsì fún un. Ní Yopougon, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ mi ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé báyìí, á wá ojú mi láàárín èrò, á na ìka sí mi láti ọ̀hún lọ́hùn-ún. Ó rí mi! Mo ké títí ohùn mi fi há. Nínú gbaka tí a wọ̀ padà, ó gbé orí lé èjìká mi. "Maman, ojú ọ̀tún mi ń yún mi díẹ̀." Mi ò bi í o, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, ó sì bínú sí mi pé ojú ń yún òun, ẹ̀rín ni mò ń rín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un nígbà yẹn. Odidi ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ ọmọ mi pé kó má sọ ibi tó ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi kọ́ èmi láti máa gbọ́.