Orí Elégédé Lórí Sàréè Bàbá Kọ́ládé

Christianah, aránṣọ ìtòsí ilé mi ní Ìjẹmọ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà kì í sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò wa fi tòrò.

Ọkọ rẹ̀, Ọlálẹ́yẹ, wà níwájú ilé wọn. Èmi bíríkìlà ni mo fi sìmẹ́ǹtì bo sàréè rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ láfún, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí. Bí àlejò bá dé, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Láàárọ̀, kí Christianah tó gbálẹ̀, á kọ́kọ́ kí i: "Bàbá Kọ́ládé, a ti jí o." Bí Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ bá kù dẹ̀dẹ̀, á fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ sí i.

Lọ́dún tó kọjá, ó tọjà dé lọ́sàn-án, ó bá orí kan lórí sàréè. Elégédé ni. Wọ́n gbẹ́ ojú sí i, wọ́n gbẹ́ eyín sí i, wọ́n ki àbẹ́là bọ inú rẹ̀. Ó wá bá mi nílé.

"Bàbá Yasir, ẹ gbé òòlù yín."

"Kí la fẹ́ fọ́?"

"Sàréè."

Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣeré.

"Wọ́n ti gé orí ọkọ mi lọ. Wọ́n wá fi elégédé dípò. Àwọn ọmọ olówó òjijì yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ni? Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Mo yí sàréè ká. Mi ò rí ibi tí wọ́n gbẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọgbọ́n olè? Elégédé tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò fọkàn tán an. Mo ní ká dúró de Kọ́ládé ọmọ rẹ̀, tó lọ síbi iṣẹ́ l'Álábàtà.

"Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ gbé òòlù fún mi."

Mo ṣe bísímílà. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Sìmẹ́ǹtì ta. Igbe ta lẹ́yìn wa. Miriam ni, ìyàwó Kọ́ládé, tíṣà ní Ìbarà.

"Hàà! Bàbá, kí ni Dádì ṣe fún yín?"

"Bi ẹni tó gbé orí lé e."

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀! Ti iléèwé wa ni. Mo ní kó gbẹ níbi tí láfún ń gbẹ. Hàlówíìnì la fẹ́ ṣe lọ́la, wọ́n máa ń gbẹ́ ojú sí elégédé fún un. Àwọn ọmọ á múra bí òkú, a ó fún wọn ní súwíìtì."

Christianah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òkú ta ni?"

"Mọ́mì, kì í ṣe òkú ẹnì kankan. Eré òyìnbó ni."

"Òkú tí ò lórúkọ. Bí ẹ bá pè é wá, ta ni yóò dá a padà?"

"Mọ́mì, èmi fẹ́ fi òkú ṣeré, ẹ̀yin fẹ́ hú u."

Mo rò pé Christianah á gbá a létí. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún fajú ro.

"Gbé nǹkan ẹ kúrò lórí bàbá ọkọ ẹ. Kó o lọ mú kànìnkànìn wá."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́dún yẹn. Miriam gbé elégédé rẹ̀ lọ síléèwé. Mi ò bá a fọwọ́ kàn án. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá, mo máa ń wo orí sàréè kí n tó kí ará ilé.

Lọ́jọ́ kejì tí mo lu sàréè, mo po sìmẹ́ǹtì lọ láti fi dí àpá òòlù. Christianah ní kí n gbé e padà.

"Ẹ fi sílẹ̀. Kí Bàbá Kọ́ládé mọ̀ pé a wá òun."