Ìwé Tí Màámi Gbé Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Màámi gbé ìwé ìtàn ìfẹ́ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Wọ́n rò pé ìwé orin ni.

Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wọn ti èṣí ni mo fi bo ìwé náà kí wọ́n má baà mọ̀. Mo gbàgbé pé kàlẹ́ńdà kan náà ni wọ́n fi bo ìwé orin wọn.

Apá tó kẹ́yìn ni o. Ọmọ ọba obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀tá bàbá rẹ̀, jagunjagun tó ń gun ẹyẹ ńlá bí ẹni gun ẹṣin. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń retí ẹ̀. Àná ni ọ̀rẹ́ mi gbé e wá láti Odògbolú.

Àlùfáà dárúkọ orin. Màámi ṣí ìwé. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀.

A kọrin tán, a jókòó. Màámi ò pa ìwé dé. Ìwàásù parí, wọn ò gbórí sókè.

Nígbà tá a délé, wọ́n pè mí.

"Tolú, ìwé ìranù wo lò ń kà nínú ilé mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ya á. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín."

"Ta ló fẹ́ ya á? Jagunjagun yẹn ò kúkú kú, ó padà wá gbé e níyàwó. Ohun tó dájà sílẹ̀ ni ò yé mi. Apá kìíní dà?"

Mi ò tíì ka ojú ewé kan.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n lọ kó àwọn yòókù fún wọn, àbí kí n kọ́kọ́ sunkún?